"Mo ti ń rán an" ní Esperanto: ibo ni wọ́n fi "ń" àti "ti" sí?

AránṣọÌtòkò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Télọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìbéèrè mi jẹ mọ́ aṣọ, ó tún jẹ mọ́ gírámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Mo ń kọ́ Esperanto lórí fóònù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èdè àtọwọ́dá ni, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Zamenhof ló gbé e jáde ní Warsaw ní 1887. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlàáfíà ayé ló gbé mi débẹ̀, ọ̀rọ̀ ajé ni. Mo ní oníbàárà kan ní Kútọ̀nú, Fọ̀n àti Faransé ló gbọ́. Èmi gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹgbẹ́ Esperanto kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. Ó rí àdìrẹ tí mo gbé síbẹ̀, ó ní kí n bá òun fi rán bùbá àti ìró tí òun máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò òun. Ó ti sanwó àsansílẹ̀.

Lálẹ́ àná ló kọ̀wé: "Kiel progresas mia robo?" Ó fẹ́ mọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Èsì tó wà lẹ́nu mi ni èsì tí gbogbo télọ̀ ilẹ̀ yìí mọ̀ lórí: "Mo ti ń rán an." Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni. Mo ti gé e, mo ti so apá méjèèjì mọ́ bùbá, ó ku ọrùn àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Ìró ò tíì kan máṣíìnì. Mi ò fẹ́ kó rò pé mo ti parí, kó wá ní kí n fi lé ọkọ̀ lọ́la. Mi ò sì fẹ́ kó rò pé inú báàgì ló ṣì wà.

Ohun tí mo mọ̀ ò ju ìparí mẹ́ta lọ: -as fún ìsinsìnyí, -is fún èyí tó ti kọjá, -os fún èyí tó ń bọ̀. Kudri ni kí èèyàn ránṣọ. Mi kudras, mi kudris, mi kudros. Tí mo bá wá kọ "Mi kudris ĝin", ṣé "mo rán an" ni, àbí "mo ti rán an", àbí "mo ń rán an nígbà náà"? Tí mo bá kọ "Mi kudras ĝin", ṣé mo wà nídìí máṣíìnì báyìí ni, àbí mo máa ń rán irú rẹ̀ ni? Ibo ni wọ́n fi "ń" wa sí? Ibo ni "ti" wà? "Máa ń" ńkọ́?

Mo ṣí ìwé gírámà, mo tún bá ìparí mẹ́fà mìíràn: -anta, -inta, -onta, -ata, -ita, -ota. La robo estas kudrata, la robo estas kudrita, la robo estas kudrota. Ojú mi ṣú. Ẹ bá mi tú u, òní ni mo fẹ́ fèsì.

Ìbéèrè kejì, ọmọ iṣẹ́ mi ló ni ín. Ó ní kí ló dé tí búrọ́ọ̀ṣì fi jẹ́ broso, tí ìyarun sì jẹ́ kombilo? Kombi ni kí èèyàn yarun. Kí ló dé tí kombo kì í fi í ṣe ìyarun? Mi ò rí i dá lóhùn.

Ṣèyí_Lékkí

Télọ̀ tó ń wá gírámà tí ò ní jẹ́ kó parọ́ fún oníbàárà! Mo ti ń wá irú yín láti ọjọ́ tí mo ti ń fi aṣọ Iléyá sílẹ̀ tí wọ́n ń kó o fún mi lọ́jọ́ Ọdún Tuntun. Ẹ fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sínú ìnbọ́ọ̀sì mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bọ̀, mo ti jókòó.

Bàbá_Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi, o káre. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé-ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Esperanto náà sì ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ ọ, tí o máa fi ìdáhùn rẹ ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì, tí wàá wá máa retí pẹ́ńsù pupa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oníbàárà kó má baà bínú. Kọ báyìí sí i:

"Mi jam kudras ĝin, sed mi ankoraŭ ne finkudris. La bluzo estas preskaŭ preta. La jupon mi ankoraŭ ne komencis."

Ó ti yé e. Wàyí o, ìdí rẹ̀.

Jam ni "ti" rẹ. Fi jam síwájú -as, o ti rí "ti ń": mi jam kudras, mo ti ń rán an. Fi jam síwájú -is, "ti" lásán ni: mi jam kudris, mo ti rán an. Wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí èèyàn bá ti pẹ́ níbì kan: "Mi loĝas ĉi tie jam dek jarojn." Mo ti ń gbé ibí láti ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà ní ìsinsìnyí, jam wá sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń wá -is sí gbólóhùn yẹn, torí bí èdè tiwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ Yorùbá ò ní ìdí kankan láti ṣìnà níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀ á rántí àkòrí kan tí wọ́n kórìíra: àsìkò àti ibá-ìsẹ̀lẹ̀. Wọ́n á ní Bàbá tún ti dé. Àsìkò ń béèrè pé ìgbà wo. Ibá-ìsẹ̀lẹ̀ ń béèrè pé báwo ni nǹkan náà ṣe wà: ṣé ó ń lọ lọ́wọ́ ni, ṣé ó ti parí, ṣé ó ti di bárakú. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yíra padà fún ẹnikẹ́ni. "Mo rán an": a gbọ́ pé ó ti kọjá. "Mo mọ̀ ọ́n": a gbọ́ pé ìsinsìnyí ni. A ò lẹ nǹkan kan mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ́ ló sọ ìgbà rẹ̀ fún wa. Ibá-ìsẹ̀lẹ̀ gan-an la ò fi ṣeré: ń, ti, ti ń, máa ń. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣi wọ́n lò.

Esperanto gbé e gba ibòmíràn. Ìgbà nìkan ni ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ń sọ. Bóyá iṣẹ́ ti parí àbí ó ṣì ń lọ, kò kàn án. Nítorí náà, "Mi kudris" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́ta tí o kà sílẹ̀ yẹn, kò sì sí èyí tó burú níbẹ̀. Nígbà tí o bá ń wá "ń", má wá a lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Wá a sínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó yí i ká, àti sí iwájú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn, wàá fẹ́ràn wọn, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a ní ìkọ̀ọ̀kan wọn nílé. Ĵus ni "ṣẹ̀ṣẹ̀": mi ĵus finkudris ĝin, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán ni. Ankoraŭ ni "ṣì", tí o bá sì so ne mọ́ ọn, ó di "kò tíì". Preskaŭ ni "fẹ́rẹ̀ẹ́". Fin- tó wà níwájú finkudris yẹn ni "tán". El- náà máa ń ṣe iṣẹ́ "tán" nígbà mìíràn: trinki ni mu, eltrinki ni mu tán, kó má ku ẹ̀kán kan nínú ife.

Ek- ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ó ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan, tàbí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójijì tí kò pẹ́. Ridi ni rẹ́rìn-ín. Ekridi ni bú sẹ́rìn-ín. Plori ni sunkún. Ekplori ni bú sẹ́kún. Dormi ni sùn. Ekdormi ni sùn lọ. O rí i pé àwa náà ní in, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn la máa ń fi sọ ọ́, "bú sí" níwájú, "lọ" lẹ́yìn. Ek- tún lè dá dúró. Wọ́n á ní "Ek!", wọ́n á sì gbéra. "Ó yá!" nìyẹn.

Nǹkan tó ń lọ, tó ń lọ ṣáá, -ad- ló ni ín. "Mi kudradis la tutan nokton": mo ránṣọ mọ́jú. Ṣùgbọ́n má fi -ad- rọ́pò "máa ń" o. Fún ohun tó ti di bárakú, -as lásán ti tó: "Ŝi venas ĉiun sabaton", ó máa ń wá ní gbogbo Sátidé.

Ibi tí Zamenhof ti rí èrò ek- àti -ad- kò jìnnà. Białystok ni wọ́n ti bí i ní 1859, ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà yẹn, èdè Rọ́ṣíà sì wà lára èdè tó gbọ́ láti kékeré. Ní èdè Rọ́ṣíà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ní ìkejì: ọ̀kan fún iṣẹ́ tó ń lọ, ọ̀kan fún iṣẹ́ tó parí, o sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí o tó lanu. Ó mú àwọn ohun èlò yẹn wá sínú Esperanto, ṣùgbọ́n ó mú túláàsì kúrò lórí wọn. Tó bá wù ọ́ kí o fi ek- sí i, fi sí i. Tí kò bá wù ọ́, gbólóhùn rẹ ò ní wó. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tó ṣe nínú gírámà rẹ̀ nìyẹn.

Ó ku àwọn mẹ́fà tó mú ojú rẹ ṣú. Mú mẹ́ta ìkẹyìn ná. Kudrata: èyí tí wọ́n ń rán lọ́wọ́. Kudrita: èyí tí wọ́n ti rán tán. Kudrota: èyí tí wọn ò tíì rán, tó wà lórí ètò. Nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lóṣù Kejìlá, kudrota ló máa ń ga dé àjà. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ nípa ẹni tó ń ṣe é: kudranta ni ẹni tó ń rán an lọ́wọ́, kudrinta ni ẹni tó ti rán an, kudronta ni ẹni tó fẹ́ rán an. Orúkọ èdè náà gan-an wá láti ibẹ̀. Esperi ni kí èèyàn ní ìrètí, esperanto ni ẹni tó ń retí, orúkọ tí Zamenhof fi bo ara rẹ̀ sórí ìwé àkọ́kọ́ sì ni Doktoro Esperanto.

Wọ́n jà lórí -ata àti -ita o. Ìjà gidi, láti àwọn ọdún 1950 lọ sí 1960 ó lé. Mú gbólóhùn yìí: "La robo estis kudrita en decembro." Àwọn kan ní rárá, kudrata ni ká sọ, torí inú oṣù Kejìlá gan-an ni rírán náà ń wáyé. Àwọn kejì ní kudrita ló tọ́, torí wọ́n rán an tán nínú oṣù náà. Wọ́n sọ àwọn àkọ́kọ́ ní atistoj, wọ́n sọ àwọn kejì ní itistoj. Àwọn tó ń sọ èdè bíi Jámánì àti Dáníìṣì ló pọ̀ láàárín atistoj. Ní 1967, Akademio de Esperanto, àjọ tó ń bójú tó èdè náà, dájọ́, wọ́n dá a fún -ita. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà: ṣé àsìkò ni ìparí yẹn ń sọ, àbí ibá-ìsẹ̀lẹ̀? Àkòrí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kórìíra ni àwọn àgbàlagbà ń torí rẹ̀ bára wọn fa lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ta ló sì yẹ kí wọ́n bi? Ẹni tó dá èdè náà ti fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, nínú òfin kọkànlá lára òfin mẹ́rìndínlógún rẹ̀: "Vortoj kunmetitaj estas formataj per simpla kunigo de la vortoj." Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti so pọ̀, kunmetitaj, ti parí. Bí a ṣe máa ń dá wọn sílẹ̀, formataj, kò lópin, ojoojúmọ́ là ń ṣe é. -It- níbí, -at- níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò yé.

Ní tìrẹ, ọmọ mi, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. A kì í sọ "aṣọ náà jẹ́ rírán láti ọwọ́ mi" ní Yorùbá, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ń tú. "Wọ́n ti rán an" là ń sọ. Esperanto ní "wọ́n" yẹn, oni ló ń jẹ́: oni jam kudris ĝin. Lo oni, lo jam, lo fin- àti ek-, Esperanto rẹ á mọ́ létí ju ti ẹni tó ń to estas lé estinta lọ.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Àǹtí télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Kétu ni mí, ní Bẹ̀nẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti gba Faransé, ilé ni mo ti gba Yorùbá, inú ẹgbẹ́ Esperanto ní Kútọ̀nú ni mo ti gba ẹ̀kẹta. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí Àǹtí pa gbogbo ìparí mẹ́fà yẹn tì.

Àkọ́kọ́, ẹ ò lè gbé Esperanto ọjọ́ kan láìlo -inte, ìyẹn -inta tó fi -e parí. "Fininte la laboron, ŝi iris hejmen." Nígbà tó ṣiṣẹ́ tán, ó lọ sílé. Nínú lẹ́tà tí oníbàárà yín máa kọ, ẹ máa rí i: "Ricevinte la robon, mi pagos la reston." Tí òun bá ti gba aṣọ, òun á san ìyókù. Tí ẹ bá fo -inte yẹn, ẹ máa rò pé ó ní òun ti gbà á. Owó yín ló wà níbẹ̀ o.

Ìkejì, kò sí bí ẹ ṣe máa ta aṣọ fún Esperantisto tí ẹ ò ní sọ kudrita àti nekudrita: èyí tó ti di aṣọ, èyí tó ṣì jẹ́ ìgàn aṣọ lásán. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ "aṣọ náà jẹ́ rírán" tí Bàbá ń sọ, irú ọjà ni ẹ ń dárúkọ. Àbí ẹ fẹ́ máa sọ pé "la ŝtofo, kiun oni jam kudris" fún gbogbo ẹni tó bá béèrè iye?

Finkudris tí Bàbá kọ dáa. Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí mo mọ̀, "mi finis kudri" la sábà máa ń sọ, ó rọrùn fún ẹni tó ti Faransé wá. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Fún ẹni tó ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Yúróòpù nìkan ni gbogbo èyí: ilé-ìwé kan wà ní Lomé tí wọ́n fi orúkọ Zamenhof pè, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè náà níbẹ̀. 2024 ni ìpàdé ńlá ọdọọdún wọn, Universala Kongreso, kọ́kọ́ wá sí Áfíríkà, ní Arusha, ní Tanzania. Láti 1905 ni wọ́n ti ń ṣe é o. Ó pẹ́ kó tó yà lọ́dọ̀ wa.

Bàbá_Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ọmọ Kétu, mo gbọ́. Ti -inte, mo gbà. Ti ìgàn aṣọ náà, o rí mi mú. Ti "estas estinta", mi ò gbà láéláé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ Àǹtí ni mo fẹ́ dá sí, torí iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mo sì ti ń wá ẹni tí mo máa rojọ́ rẹ̀ fún.

Ohun tí ìwé ń kọ́ wa ni pé Yorùbá ò ní àfòmọ́ ìparí. Iwájú là ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Gbá ilẹ̀, fi ì- síwájú, ìgbálẹ̀. Ya irun, ìyarun. Dé orí, ìdérí. Ránṣọ, fi a- síwájú, aránṣọ. Esperanto, ẹ̀yìn ló ń kó tiẹ̀ sí. Balai ni gbálẹ̀, -il- ni ohun èlò, balailo ni ìgbálẹ̀. Kovri ni bò, kovrilo ni ìdérí. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín níbẹ̀: kudrilo ni abẹ́rẹ́, tondilo ni sísọ́ọ̀sì torí tondi ni kí èèyàn fi sísọ́ọ̀sì gé nǹkan, gladilo ni áyọ́ọ̀nù, kudrejo ni ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kombilo wà láàárín wọn. Kombi jẹ́ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀, kombo á wá jẹ́ yíyarun, iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe é.

Broso ò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ohun èlò láti ìpìlẹ̀, bí Zamenhof ṣe kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá fi -i sí i, brosi, ó di kí èèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe nǹkan. Tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ iṣẹ́ náà, ẹ ò lè pè é ní broso mọ́, brosado ni. Àwa náà mọ nǹkan yìí lára: a ní ìyarun torí a ní yarun, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò dá "ìbúrọ́ọ̀ṣì" sílẹ̀ rí, "fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́" là ń sọ. Orúkọ ló kọ́kọ́ dé.

Kò sí ohun tó ń fi hàn lójú lásán pé komb- jẹ́ iṣẹ́, bros- jẹ́ ohun èlò. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sórí ni. Èyí bí àwọn kan nínú. Louis Couturat, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Faransé kan, ní tí krono bá jẹ́ adé, báwo ni kroni ṣe máa jẹ́ kí èèyàn dé ẹlòmíràn ládé? Ó fẹ́ àfòmọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ tó lọ láti orúkọ sí iṣẹ́. Ìyẹn wà lára ohun tó bí Ido, èdè tó yà kúrò lára Esperanto lẹ́yìn 1907, kronizar sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹni tó gbèjà Esperanto ni René de Saussure, àbúrò Ferdinand de Saussure tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lìǹgúísíìkì mọ̀. Ní 1910 ló kọ ọ́ pé kí ọ̀rọ̀ ní ohun tó nílò kí ó lè yé èèyàn, kí ó má sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá ò ní mú yín tí ẹ bá fi -il- tàbí -ad- sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yé tẹ́lẹ̀.

Ìtàn kan tí mo fẹ́ràn: Zamenhof kọ lẹ́tà sí Borovko, Esperantisto kan ní Rọ́ṣíà, ó ní ilé-ìwé ni òun ṣì wà nígbà tí òun rí pátákó kan tí wọ́n kọ "Shveytsarskaya" sí, ibi tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń jókòó, tí òun tún rí òmíràn, "Konditorskaya", ilé tí wọ́n ti ń ta nǹkan dídùn. -Skaya tó wà lára méjèèjì ló gba ọkàn rẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rù bí ìwé atúmọ̀ ṣe máa tóbi tó, ó wá rí i pé àfòmọ́ lè bá òun fá ìdajì rẹ̀ dànù.

Ẹ wo ilé ìwòsàn: malsanulejo. Ìdí ni ẹ ó ti máa kà á bọ̀ wá síwájú. -Ej- ni ibi, -ul- ni èèyàn, san- ni kí ara le, mal- ló yí i padà sí òdìkejì. Ibi àwọn tí ara wọn ò le. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ olórí máa ń wà lẹ́yìn, inú òfin kọkànlá tí Bàbá mẹ́nu bà náà ló wà. Tiwa, "ilé" ló ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rojọ́ rẹ̀ títí mo fi dé orí malsano, tí mo pariwo nínú láíbìrì. San-, láti Látìnì. Sàn, láti ẹnu ìyá wa. Malsano, àìsàn! Mal- dúró sí ibi tí àì- dúró sí gẹ́lẹ́. Kò sí ìbátan kankan láàárín wọn o, ó kàn bọ́ síra ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé e sórí WhatsApp pé Yorùbá ló bí Látìnì.

Ṣèyí_Lékkí

Ó ti pẹ́, ẹnìkan ti gbé e lọ. Ẹ jẹ́ n béèrè tèmi. Mo wo ìwé náà, mo rí i pé patro ni bàbá, ìyá sì ni patrino. Ìyẹn ni pé "abo bàbá"? Wọ́n fi àfòmọ́ bí ìyá?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

-In- ló ń sọ ọ́ di obìnrin, ẹ̀gbọ́n. Àwọn Esperantistoj pàápàá ti ń ṣàríwísí ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n patrino ṣì ni gbogbo wọn ń sọ. Ti frato ló dùn mí jù, torí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti di ọ̀kan níbẹ̀. Gepatroj wá dáa, òbí ni.

AránṣọÌtòkò

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọmọ Kétu, ẹ ṣé, mo ti kọ -inte yẹn sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù. Ìlọrin, ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n kí yín, ó ti ń pe gbogbo nǹkan ní -ilo láti àárọ̀.

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ bí Bàbá ṣe kọ ọ́, òun náà ti fèsì: "Bone, mi atendas." Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan kù. Ọrùn aṣọ, kọ́là gan-an, ó pè é ní kolumo. Kolo ni ọrùn, mo mọ ìyẹn. -Um- yẹn ńkọ́? Àti pé mi ò fẹ́ràn bluzo àti jupo yìí. Bùbá àti ìró ni mò ń rán, kì í ṣe búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì. Ṣé mi ò lè kọ orúkọ wọn bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Tíṣà_Ìjẹ̀bú

-Um- ò ní ìtumọ̀ kan pàtó, Zamenhof mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ibi tí àfòmọ́ yòókù ò bá dé ni. Kolo, kolumo: ohun kan tó jẹ mọ́ ọrùn. Mano ni ọwọ́, manumo ni etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Télọ̀ ni ó wúlò fún jù. Télọ̀ náà sì ní ọ̀rọ̀ méjì bí a ṣe ní méjì: kudristo bí aránṣọ, tajloro bíi télọ̀.

Ọmọ_Kétu

Ti bùbá àti ìró, Àǹtí, ẹ ṣọ́ra. Gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ fi -o parí, -a wà fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Bubo sì ti wà nínú èdè náà, ìpáǹle ọmọ ni. Tí ẹ bá kọ "buba", ohun tí oníbàárà yín máa kà ni "tó dà bí ìpáǹle". Ìró wá burú jù: iri ni lọ, iro ni lílọ. "Mi kudras iron", ẹ ń rán lílọ.

Ohun tí èmi máa ṣe ni kí n fi bùbá sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n fi -o lé e, bubao. Ìró, mo máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: volvi ni ká wé nǹkan, volvojupo. Ẹni tí kò rí ìró rí á lóye rẹ̀.

Ṣèyí_Lékkí

Agbádá ńkọ́? Ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ, ọkọ ẹ̀ náà á wọ nǹkan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

Tí ẹ bá yọ -a kúrò tí ẹ fi -o sí i, agbado ni.

AránṣọÌtòkò

Mo ti rí ọjà tuntun. Agbadao ni mo máa kọ, bíi bubao. Mo ń lọ fi kolumo sí ọrùn bùbá yìí kí iná tó lọ.